Túùbù Mẹ́ta Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé Màámi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ afẹ́fẹ́ tán, ẹ rọra máa wo onítọ̀hún. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún wọn afẹ́fẹ́ ìlú ńlá, ó sì ti gun àkàbà ju ẹni tó ń kun ilé lọ. Síbẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta péré, afẹ́fẹ́ da orí rẹ̀ rú débi pé ó bu iyọ̀ sínú tíì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mu ún tán, kò sì mọ̀. Onítúùbù ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Àwọn yòókù ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wo àwòrán. Òun ló ń lọ so túùbù mọ́ òpó, òun ló sì ń lọ tú u.

Túùbù náà kò ju ìka ọwọ́ lọ ní gígùn. Ike lásán ni. Orí rẹ̀ ní ọmọrí, àwọ̀n kékeré kan tí wọ́n fi oògùn pa lára wà nínú ọmọrí náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Gáàsì kan wà tó máa ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àti láti inú ohunkóhun tó bá ń jó. Náítírójìn dáyọ́sáìdì ni wọ́n kọ́ wọn láti máa pè é nílé ìwé, àmọ́ ta ló fẹ́ fi ahọ́n ara rẹ̀ di kókó lójoojúmọ́? Gáàsì ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Gáàsì yìí á máa rọra wọ inú túùbù, oògùn á sì mú un. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, Onítúùbù á de ẹnu túùbù, á gbé e lọ sí láàbù. Ìyá láàbù á da omi kan sí i, omi náà á pọ́n. Bó bá ṣe pọ́n tó ni gáàsì ṣe pọ̀ tó. Ogójì ni ààlà. Òpópónà tí ìṣirò rẹ̀ bá kọjá ogójì, dandan ni kí ìgbìmọ̀ ojú ọ̀nà wá nǹkan ṣe sí i.

Òpópónà kan ló jẹ Onítúùbù lógún ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí pé ìyá rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Ọ̀nà náà gun òkè, àwọn tírélà tó ń kó òkúta sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Bí wọ́n bá ti ń gòkè báyìí, wọ́n á máa ké bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá ràn níṣẹ́, èéfín á sì bo gbogbo ojú ilé. Láti ọdún tó kọjá ni ikọ́ ti mú Màámi. Dókítà wo àyà rẹ̀ títí, ó ní òun ò rí àìsàn kan gúnmọ́, pé ó jọ pé afẹ́fẹ́ tí ìyá ń mí símú ni kò dára.

“Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí?” ni ohun tí Onítúùbù sọ lọ́jọ́ náà, inú ń bí i. “Tírélà ni. Màámi, láti òní lọ, ẹ máa ti gbogbo fèrèsé yín. Gbogbo ẹ̀ pátá.”

Màámi kì í gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí àkọ́bí rẹ̀ bá sọ, abẹ gé e.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ojú ọ̀nà wá kéde pé àwọn fẹ́ kó tírélà kúrò ní àwọn òpópónà tó bá kọjá ogójì, Onítúùbù so túùbù mẹ́ta mọ́ páìpù tí omi òrùlé ń gbà sọ̀kalẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ ìyá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mẹ́ta ni wọ́n ń so síbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, kí ọ̀kan lè jẹ́rìí èkejì. Ó fi bí wọ́n ṣe há mọ́ ara páìpù han Màámi.

“Ẹ bá mi máa ṣọ́ wọn, Màámi. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ wọn, omi ò gbọdọ̀ kan ọwọ́ ẹ̀. Ẹ̀kán omi kan báyìí tó bá wọ inú ẹ̀, iṣẹ́ oṣù kan ti lọ nìyẹn.”

“Mo ti gbọ́,” Màámi dá a lóhùn. “Bí mo ṣe ṣọ́ ọ dàgbà náà ni màá ṣe ṣọ́ wọn.”

Oṣù méjì àkọ́kọ́, ilẹ̀ gbẹ, ìṣirò sì jáde ní mẹ́rìndínlógójì àti mẹ́tàdínlógójì. Inú Onítúùbù bàjẹ́. Ó kù díẹ̀ kó dé ààlà, àmọ́ díẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan lójú ìgbìmọ̀. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Oṣù kẹta jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, oṣù kẹrin jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta, oṣù karùn-ún bọ́ sí méjìlélọ́gọ́ta.

Ó yẹ kó máa jó ni. Ọjọ́ méjì péré ló fi jó o, orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gbogbo ẹni tó bá ń wọn afẹ́fẹ́ ló mọ̀ pé òjò àti ìjì a máa gbá ìdọ̀tí lọ. Oríta ńlá tí gbogbo ọkọ̀ ìlú ń gbà kọjá, tó jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti wálẹ̀ sí mẹ́tàdínláàádọ́ta. Níbi gbogbo, bí òjò ṣe ń pọ̀ ni gáàsì ń dín kù. Lẹ́nu ọ̀nà Màámi nìkan ṣoṣo ni òjò ti ń pọ̀, tí gáàsì náà sì ń pọ̀. Àbí òjò wọn níbẹ̀ yàtọ̀ ni?

Ó kọ́kọ́ ké sí ìyá láàbù lórí fóònù. Ìyẹn fẹ́ẹ̀ bínú.

“Ṣé o rò pé mo ń fi ojú kọ́rọ́ wo omi ni? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pọ́n, ìpọ́n kan náà. Èyí tí a ò so síbì kankan, tí a dé lẹ́nu, tí a tọ́jú sínú fìríìjì láti fi wé wọn, mọ́ kedere. Túùbù ẹ ò ṣàìsàn o. Wá ibòmíì wò.”

Ló bá lọ bá ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Awòkè. Ìnagijẹ náà pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín, torí pé ọmọ náà kì í wòkè rárá. Inú ojú kọ̀ǹpútà ló máa ń wò, níbi tí sátẹ́láìtì ń fi àwòrán afẹ́fẹ́ ìlú ránṣẹ́ sí i láti òfuurufú. Ibi tí gáàsì bá ti pọ̀ á pọ́n, ibi tó bá mọ́ á dúdú bí aró.

“Àǹtí mi, mo ti wò ó, mo tún un wò,” Awòkè sọ. “Mi ò rí nǹkan kan tó ṣe àdúgbò Màámi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé mi o. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin inú àwòrán yìí gba àdúgbò mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni sátẹ́láìtì ń kọjá, ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán. Gbogbo gáàsì tó wà láti ilẹ̀ dé òkè ló ń kà pọ̀. Kò mọ èyí tó wà lójú títì, kò mọ èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹyẹ.”

“Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?”

Awòkè ṣí àwòrán ọjọ́ òjò. Funfun báláú ni. “Ìkùukùu bo gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ òjò, afọ́jú ni mí.”

Onítúùbù jókòó, ó gbé ọwọ́ lérí. Òun náà ńkọ́? Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé wọn kì í lọ sídìí túùbù nínú òjò. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ọjọ́ tí òjò bá ṣú, inú ọ́fíìsì ló máa ń wà. Kódà bó bá fẹ́ lọ kí Màámi lásán, tí òjò bá ti ń rọ̀, Màámi fúnra rẹ̀ á pè é pé kó má wá, pé ìsàlẹ̀ òkè ti kún fún omi. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó wà lókè ò ríran nínú òjò, ẹni tó wà nílẹ̀ kì í jáde nínú òjò, inú òjò yẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ó rò ó pé bóyá tírélà ló máa ń há sójú òkè nígbà òjò, tí wọ́n á fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan. Èyí mọ́gbọ́n dání. Ó pe onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé Màámi.

Ọkùnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. “Nínú òjò kẹ̀? Ta ló fẹ́ kú? Òkè yìí máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń páàkì sí, wọ́n á pa ẹ́ńjìnì, wọ́n á sùn títí òjò á fi dá. Ọjọ́ òjò nìkan là ń rójú gbọ́ rédíò.”

Onítúùbù gbé fóònù sílẹ̀ bíi pé ó gbóná. Kò sí tírélà nínú òjò. Òjò ń fọ afẹ́fẹ́. Síbẹ̀, méjìlélọ́gọ́ta. Bí wọ́n bá ní kó fi orí ara rẹ̀ búra lọ́jọ́ náà pé ọ̀kan àti ọ̀kan jẹ́ méjì, á kọ́kọ́ bèèrè bóyá òjò ń rọ̀.

Ibi tó ṣì ń dàrú sí ni ọ̀gá wọn ti pè é. Ọ̀gá yìí jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Tó bá sọ̀rọ̀ sókè, ẹ má bẹ̀rù. Ìgbà tó bá rọra sọ ọ́ ni kí ẹ sá.

“Jókòó,” ó rọra sọ. “Òjò ń fọ gbogbo ìlú mọ́, àfi ẹnu ọ̀nà ìyá ẹ. Irú òjò wo nìyẹn?”

“Ọ̀gá, mi ò mọ̀.”

“Ìgbìmọ̀ ń jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Tí a bá pín oṣù márààrún dọ́gba, ó lé ní mẹ́rìndínláàádọ́ta. Wọ́n á kó tírélà kúrò lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ wọ́n á bi mí pé ta ló so túùbù. Màá ní ìwọ ni. Wọ́n á ní ilé ta ló so ó mọ́. Kí ni kí n sọ?”

Ojú Onítúùbù ṣú. “Ọ̀gá, ṣé ẹ rò pé mo gbé túùbù lọ sídìí sàlẹ́ńsà tírélà ni?”

“Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ẹ́. Àwọn ò mọ̀ ẹ́.” Ó ti ìwé ìṣirò sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Wá ìdí ẹ̀ fún mi kí ọjọ́ náà tó pé. Bí o ò bá rí i, màá yọ òpópónà yẹn kúrò.”

Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Onítúùbù kò sùn dáadáa. Bí wọ́n bá yọ òpópónà náà kúrò, tírélà á máa gun òkè lọ títí ayé, ikọ́ yẹn á sì gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ohun tó dá a lójú nìyẹn, kò sí ohun mìíràn tó tún dá a lójú. Ó ṣe é bí ẹni pé òun ló ń lé Màámi lọ, nítorí pé òun ò mọ iṣẹ́ òun.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ṣú. Gbogbo ọ́fíìsì ń ti fèrèsé, Onítúùbù ń wọ bàtà.

“Àǹtí, níbo?” Awòkè bi í. “Òfin ńkọ́?”

“Mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Ojú lásán ni mo fẹ́ fi wò wọ́n. Nǹkan tí òjò ń ṣe níbẹ̀, kó ṣe é níṣojú mi.”

Awòkè na agbòjò rẹ̀ sí i. Agbòjò náà ti já létí kan, àmọ́ ẹni tí òjò ń lé kì í yan agbòjò.

Nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀ òkè, omi ti dé kókósẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni onígbàjámọ̀ sọ: tírélà mẹ́fà ló tò síbẹ̀, ẹ́ńjìnì kú, àwọn awakọ̀ na ẹsẹ̀ jáde lójú fèrèsé. Afẹ́fẹ́ mọ́. Ó mí kanlẹ̀, kò gbóòórùn nǹkan kan ju ilẹ̀ tútù lọ. Ó gun òkè, ó dé iwájú ilé, ó gbójú sókè wo páìpù.

Kò sí túùbù níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń há sí wà, òfìfo ni. Olè! Ta ló máa jí ike tí kò tó owó ṣingọ́ọ̀mù? Àbí àwọn onítírélà ni? Ó gun àtẹ̀gùn méjì-méjì, agbòjò ṣì wà ní ṣíṣí lórí rẹ̀, ó ń há mọ́ ògiri. Kó tó dé òkè ló ti ń gbọ́ ikọ́ Màámi, gbígbẹ, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ìlẹ̀kùn kò tì. Kò sẹ́ni ní pálọ̀. Inú ilé ìdáná ni ìyá rẹ̀ wà.

Iná sítóòfù gáàsì ń jó lábẹ́ ìkòkò omi ńlá kan, ó búlúù rẹ́múrẹ́mú. Màámi fi aṣọ borí, ó tẹ̀ sórí ìkòkò, ó ń fa ooru omi símú nítorí ikọ́. Fèrèsé tì gbọnin. Wọ́n tún fi àkísà di gbogbo ihò etí rẹ̀. Lápá òsì sítóòfù, ìṣó kan wà lára ògiri níbi tí ìyá máa ń fi ìgbakọ̀ kọ́. Orí ìṣó yẹn ni túùbù mẹ́ta so rọ̀ sí, ó fi òwú so wọ́n pọ̀ dáadáa, ẹnu wọn dojú kọlẹ̀.

Màámi ṣí aṣọ kúrò lórí. “Yéè! Inú òjò yìí lo gbà wá? Wo ẹsẹ̀ ẹ! Kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló kú?”

“Màámi, kí ni túùbù ń ṣe níbí?”

“Mo ń bá ẹ ṣọ́ wọn ni.”

“Nínú ilé ìdáná?”

“Níbo ló tún móoru tó ibẹ̀? Ìwọ lo fẹnu ara ẹ sọ pé omi ò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Ṣé kí n wá máa wòran, kí òjò máa lu iṣẹ́ ọmọ mi?” Ikọ́ dá a dúró, ó wú u tán, ó fi ọwọ́ nu ojú. “Láti òjò àkọ́kọ́ ni. Bó bá ti ń ṣú báyìí, mo ti ṣí fèrèsé pálọ̀ díẹ̀, mo ti yọ wọ́n, mo ti tún un tì. Bó bá dá, tí páìpù gbẹ, màá dá wọn padà. Nígbà míì, ọjọ́ méjì ni mo fi ń tọ́jú wọn. Ọ̀kan ò já bọ́ rí. Mo sì ń dojú wọn kọlẹ̀ bí o ṣe ń ṣe é. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ ṣeun.” Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí òun ń sọ. Ojú rẹ̀ wà lára iná. “Iná yìí ńkọ́? Wákàtí mélòó ló fi ń jó lójúmọ́?”

“Ìgbà tí ikọ́ bá dé ni. Tí mo bá fa ooru omi sí i, á lọ díẹ̀, á tún padà wá. Nínú òjò ló máa ń le jù, otútù náà ń mú mi, torí náà mi ò kí ń paná rárá.”

Ohunkóhun tó bá ń jó. Ọjọ́ kìíní nílé ìwé ni wọ́n kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kó tó di pé wọ́n ń pè é ní gáàsì ẹ́ńjìnì, tí wọ́n sì gbàgbé pé iná kékeré náà ń tú u jáde. Ìyá ń húkọ́, ó ń tanná nítorí ikọ́; iná ń tú gáàsì jáde, gáàsì ń mú ikọ́ wá. Àti fèrèsé tí ì bá jẹ́ kó jáde? Onítúùbù ló ní kí wọ́n tì í. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ti gun òpó gbogbo ìlú tán, ó ti bá ẹni tó ń wo òfuurufú sọ̀rọ̀, àṣé ẹnu ara rẹ̀ ni ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ so túùbù sí.

Ó pa iná. Ó fa àkísà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi agbára ti fèrèsé tí kò ṣí láti ọdún kan. Afẹ́fẹ́ òjò wọlé fììì.

“Tì í! Tì í!” Màámi ń pariwo. “Ìwọ lo ní tírélà á wọlé bá mi!”

“Èmi ni, Màámi. Èmi ni mo ní kí ẹ tì í.” Omijé bọ́ lójú rẹ̀. “Mo ṣi yín lọ́nà.”

Màámi rí ẹkún, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ túùbù ni. Ó wo wọ́n lórí ìṣó, ẹ̀rù bà á. “Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?”

Kí ni kó dá a lóhùn? Fún òpópónà, ìṣirò yẹn kò wúlò mọ́ rárá. Fún ìyá tó dúró síwájú rẹ̀ yìí, kò sí èyí tó tún jóòótọ́ jù ú lọ nínú gbogbo ohun tó ti wọ̀n láti ọdún mẹ́tàdínlógún. “Ẹ bà á jẹ́,” ó sọ. Ó tún sọ pé, “Ẹ ò bà á jẹ́.” Màámi mi orí, ó lọ mú aṣọ gbígbẹ wá fún un, torí pé bí ọmọ ẹni bá ń sọ kántankàntan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ otútù ló ń mú un.

Nígbà tó ń padà lọ, òjò ti dá, tírélà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Èéfín èyí àkọ́kọ́ bò ó lójú. Èrò kan wá sí i lọ́kàn, mi ò ní parọ́ fún yín: bó bá dákẹ́, wọ́n á kó gbogbo wọn kúrò lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé mẹ́rìndínlógójì náà dára fún ẹ̀dọ̀fóró ìyá àgbàlagbà ni? Bí òótọ́ bá ń jẹ́ kí èéfín máa wọlé, tí irọ́ ń lé e lọ, èwo ni ká ṣe? Ó bá ìbéèrè náà rìn títí dé ọ́fíìsì. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé irọ́ yẹn á sọ fún Màámi pé tírélà ló ń pa á, ìyá á sì tún padà lọ ti fèrèsé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ro gbogbo ẹ̀ fún ọ̀gá. Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín níbi tí ìgbakọ̀ ti wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ fèrèsé.

“O mọ̀ pé tírélà ò ní kúrò,” ó sọ.

“Mo mọ̀.”

Ọ̀gá fún un ní báírò. Onítúùbù fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà pupa gba orí oṣù òjò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé inú ilé ni túùbù wà. Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó, wọn ò dárúkọ òpópónà náà rárá.

Ó so túùbù tuntun mẹ́ta mọ́ páìpù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. “Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, Màámi, kódà bí òjò bá ń ya. Ẹnu wọn dojú kọlẹ̀, òjò kò lè wọ inú wọn. Ẹ má sì tanná nítorí ikọ́ mọ́. Tí ẹ bá ń dáná oúnjẹ, fèrèsé ní láti ṣí.”

“Mo ti gbọ́,” Màámi dá a lóhùn, ohùn ẹni tó ti gbọ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu ọmọ kan náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Onítúùbù kò ro òfin kankan wò. Ó ti dé ìsàlẹ̀ òkè kó tó rántí pé òun kò mú agbòjò. Ó gbójú sókè. Fèrèsé pálọ̀ Màámi ṣí gbayawu. Màámi yọ ara jáde dé àyà, ó na agbòjò onígbàjámọ̀ síta, ó fi bo túùbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí òun fúnra rẹ̀ wà nínú òjò, omi ń ṣàn gba ojú rẹ̀.

“Mi ò gbé wọn wọlé o!” ó ké sílẹ̀ nígbà tó rí ọmọ rẹ̀. “Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan!”

Onítúùbù dúró sójú kan nínú omi. Ṣé agbòjò lórí túùbù ba iṣẹ́ jẹ́, àbí kò bà á jẹ́? Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé òfin wọn. Ohun tó ń dúró dè ni ikọ́. Ìyá rẹ̀ ti pariwo, ó ti na ọwọ́ pẹ́, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i lójú. Ó yẹ kí ikọ́ ti dé. Ó dúró títí, ó ń tẹ́tí sílẹ̀ nínú ariwo òjò. Ikọ́ kò dé.

“Ṣé kí n máa dì í mú bẹ́ẹ̀?” Màámi bi í.

“Ẹ fi bo orí yín, Màámi.”

“Túùbù ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kó tutù,” Onítúùbù sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.